Iná Tí NEPA Lè Pa

Òtútù ń mú àwọn olówó Èkó. Mi ò mọ ibi tó gbà wọlé, torí lóṣù kẹta ọdún, nígbà tí àwa yòókù ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara wa, tí ewúrẹ́ pàápàá ń sá sábẹ́ dánfó nítorí oòrùn, inú pálọ̀ wọn ni wọ́n ti ń kọ́ ibi ìyáná. Ẹ wọ ilé tuntun ní Lẹ́kkí, ní Màgódò, kódà ní Bódìjà n'Ìbàdàn. Ògiri mẹ́ta á dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀kẹrin ni kò ní sinmi: mábù láti àjà délẹ̀, pátákó onílà gbọọrọgbọọrọ lọ́tùn-ún lósì, tẹlifíṣọ̀n ńlá láàárín, ìmọ́lẹ̀ búlúù tó ń yọjú láti ẹ̀yìn mábù, àti nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, nínú àpótí gíláàsì dúdú, iná tó ń jó lala.

Iná ọ̀hún, ọmọlúàbí ni. Kò ní èéfín, kò ní eérú, kò bèèrè igi. Rọ́bà ni igi tó ń jó níbẹ̀, kò sì ní jó tán láéláé. Abẹ́ igi náà ni wọ́n to gílóòbù kéékèèké sí. Ọ̀pá kan tí wọ́n lẹ dígí wẹ́wẹ́ mọ́ ń yí níbẹ̀, ó ń ju ìmọ́lẹ̀ sókè, ojú wa ń pè é ní ahọ́n iná. Tí NEPA bá mú iná lọ (ẹ jẹ́ n ṣì máa pè wọ́n ní NEPA, orúkọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀), ibi ìyáná á kú fin-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé, iná kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí NEPA lè pa nìyí. Àwọn panápaná lè máa sùn.

Bọ́tìnì kejì wà lára rẹ̀ ṣá o. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ rí i: ooru gidi á máa fẹ́ jáde, ooru tó ń jẹ 1,500 sí 2,000 wáàtì. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí NERC, àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, lọ sí náírà 225 fún yúníìtì kan, wákàtí kan tí èèyàn bá fi yáná ní pálọ̀ lè tó náírà 450 nìyẹn. Onílé ò sì lè jókòó sínú ooru, ó tan ẹ̀rọ amúlétutù. Iná ń ti ìsàlẹ̀ mú yàrá gbóná, ẹ̀rọ ń ti òkè mú un tutù, mítà jókòó síta, ó ń ka owó àwọn méjèèjì.

Àmọ́ ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í fọwọ́ kan bọ́tìnì kejì yẹn. Àwòrán iná ni wọ́n rà. Ìyẹn náà kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1966, ní alẹ́ tí Kérésì ku ọ̀la, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WPIX ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò igi tó ń jó hàn fún àwọn tó ń gbé ilé tí kò ní ibi ìyáná. Ẹ rántí pé yìnyín wà níta fèrèsé àwọn yẹn. Ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá ló wà níta.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé tí mo dárúkọ yìí gan-an ló gbé mi dé ìdí kọ̀ǹpútà lónìí. Mábù ò dùn mí. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ láàárín ìyá ilé àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá wọn ògiri:

"Mọ́mì, ṣé ti Ítálì lẹ fẹ́ ni, àbí ti Ṣáínà?"

"Kí ló fi yàtọ̀?"

"Ti Ítálì wúwo, Mà. Ti Ṣáínà, èmi nìkan lè gbé e gun àtẹ̀gùn."

"Fèrèsé tó wà lára ògiri yìí wá ńkọ́?"

"A máa dí i ni. Búlọ́ọ̀kù díẹ̀ ni, òní la máa parí ẹ̀."

"Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé o."

"Ṣebí AC wà, Mọ́mì. Tí fèrèsé bá ṣì wà níbẹ̀, ògiri yẹn ò lè dáa nínú fọ́tò."

Mọ́mì ronú díẹ̀. Bàbá ilé wà níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó bi í. Fọ́tò borí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fi símẹ́ǹtì rẹ́ ojú ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, kí iná tí kò gbóná lè ríbi jókòó.

Ẹ jẹ́ ká lọ wo ibi ìyáná lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ibi ìyáná kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ilé tí kò bá ní in, òtútù á wọ ibẹ̀ wá gbé èèyàn lọ. Ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé owó orí lé e lọ́dún 1662, ṣílè méjì lọ́dún lórí ààrò kọ̀ọ̀kan. Agbowó orí á wọ inú yàrá onílé lọ, á máa ka ààrò. Àwọn aráàlú kórìíra rẹ̀ débi pé nígbà tí Ọba William àti Ọbabìnrin Mary gorí oyè lọ́dún 1689, wọ́n fagi lé e. Àmọ́ ìjọba kì í gbàgbé ọ̀nà àpò aráàlú. Nígbà tó di 1696, òmíràn ti dé: owó orí lórí fèrèsé. Bí fèrèsé bá ṣe pọ̀ tó lowó á ṣe pọ̀ tó. Ni àwọn èèyàn bá kó bíríkì, wọ́n ń dí fèrèsé ara wọn pa. Ó di 1851 kí wọ́n tó pa owó orí yẹn rẹ́, àwọn ilé kan sì wà níbẹ̀ títí dòní tí ojú fèrèsé wọn ṣì dí.

Owó orí ló mú Gẹ̀ẹ́sì dí fèrèsé rẹ̀. Àwa ńkọ́? Ta ló bu owó orí lé fèrèsé lọ́dọ̀ wa? (Ẹ rọra kà á o, kí àwọn tó ń gba Land Use Charge má bàa gbọ́.) Kò sẹ́ni tó fipá mú wa. Àpò ara wa la ti yọ owó tá a fi ra búlọ́ọ̀kù.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún kò tiẹ̀ sí nídìí iná yẹn mọ́ bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lóṣù kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú pẹ̀lú kùrukùru bo London fún ọjọ́ márùn-ún. Nínú ìṣirò ìgbà náà, bíi 4,000 èèyàn ló bá a lọ. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ jáde lọ́dún 1956, ọ̀pọ̀ ilé sì dí ojú ààrò wọn pa, wọ́n gbé ẹ̀rọ aláfẹ́fẹ́ gáàsì tàbí oníná mànàmáná síwájú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Peckham ní London bá wá fi fọ́tò hàn wá pé irú ibi ìyáná báyìí ló yẹ kó wà nílé tí òun ń kọ́ sí Ìjẹ̀bú, ohun tí bàbá onílé rẹ̀ ti fi bíríkì dí ló ń bá wa polówó.

Ó dáa, ẹ ní dandan ni. Ẹ ti pinnu pé ẹ máa yáná l'Ékòó. Kí lẹ fẹ́ fi bo ògiri?

Mábù PVC ló ń jọba lórí àtẹ báyìí, láti ọjà Ọdúnadé ní Òrílé títí dé ẹnu ọ̀nà ilé yín. Rọ́bà pẹlẹbẹ ni, ẹsẹ̀ mẹ́rin ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, irin tín-ínrín aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi ń bo ibi tí méjì ti pàdé. Ẹ wo ìlà aláwọ̀ eérú tó wọ́ kọjá lára rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ìlà yẹn gan-an, láìyẹ̀ níbì kankan, ló wà nílé aládùúgbò yín, ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ní ọ́fíìsì lọ́yà, àti lẹ́yìn àga pásítọ̀. Tí ooru bá tó bí ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, rọ́bà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Tó bá gbiná pẹ́nrẹ́n, gáàsì hydrogen chloride wà nínú èéfín rẹ̀, ọ̀fun ló sì ń bá jà. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó fi rọ́bà yí iná ká, bóyá wọn ò rò pé ẹnikẹ́ni á dán an wò.

Mábù gidi ńkọ́? Ó wà nílẹ̀ wa. Ó wà ní Ìgbẹ́tì, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nílùú òkè Ìyámọ̀pó. Ó wà ní Jákúrà lẹ́bàá Lọ́kọ́ja. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú òkúta báyìí ni wọ́n ń fọ́, tí wọ́n ń lọ̀ títí á fi kúnná. Irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà. Irú rẹ̀ náà ni wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe pátákó mábù PVC. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì: wọ́n ń lọ mábù kúnná kí wọ́n lè fi ṣe rọ́bà tó jọ mábù. Mábù gidi náà sì ní àléébù tirẹ̀, torí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó bá ta sí i lára á jẹ ẹ́ lójú. Òkúta akọ ni kò bẹ̀rù ọsàn, tí kò bẹ̀rù iná. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí tí wọ́n fi ń pe ìlú wọn ní Abẹ́òkúta. Ìtòsí tó ti wá ni kò jẹ́ kó níyì.

Bébà tí wọ́n ya bíríkì sí lára ni kò jẹ́ kí n lè pa ẹnu mọ́. Wọ́n á kọ́ ilé pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù. Wọ́n á sanwó fún bíríkìlà kó rẹ́ ẹ, kí búlọ́ọ̀kù má bàa hàn. Wọ́n á tún sanwó fún oníbébà-bíríkì kó wá lẹ̀ ẹ́, kí bíríkì lè hàn. Oṣù keje dé, ògiri mu omi òjò, bíríkì ń ká láti etí.

Pátákó onílà gbọọrọ yẹn, ọyẹ́ ló máa bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìlà ló ń gba eruku, ọmọ ọ̀dọ̀ ni yóò sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn pátákó ṣófo, àwọn aáyán ti kó wọlé síbẹ̀, ọmọńlé sì ti tẹ̀lé aáyán. Nínú gbogbo ilé, àwọn nìkan ló ń gbé ìdí iná.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra iná. Yorùbá ń yáná. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, àwọn àgbà á dá igi jọ sí àgbàlá, tọmọdé tàgbà á yí i ká, oòrùn á sì yọ bá wọn níbẹ̀. Iná oúnjẹ wà lẹ́yìn ilé, àjà wà lórí ààrò, ẹja àti àgbàdo wà lórí àjà, èéfín ń gbẹ wọ́n. Kódà èéfín ní iṣẹ́ nílé wọn! Àlejò ní tiẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbà á sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Kò sí bàbá kankan tó gbé iná wá síwájú àlejò láti fi hàn pé òun lówó.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ògiri tó níyì, kó lọ sí Ìbàdàn, kó wo ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Dominican tí Demas Nwoko yàwòrán rẹ̀. Ilẹ̀ pupa tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n po símẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́, wà lára ohun tí ọkùnrin yìí fi ń mọ ilé, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ máa gbà sì jẹ ẹ́ lógún nínú iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2023, níbi ìpàtẹ àwọn ayàwòrán ilé lágbàáyé ní Venice, wọ́n fún un ní Kìnnìún Oníwúrà fún iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀. Ilẹ̀ Ítálì ni Venice wà o. Àwọn tó ni mábù ló gba ẹni tó ń fi ilẹ̀ wa kọ́lé lálejò, wọ́n sì dé e ládé, àwa wá ń fi rọ́bà Ṣáínà ṣe àfarawé Ítálì.

Ẹni tó bá ń gbé Obúdù, Mambila tàbí Jọ́ọ̀sì, ẹnu mi ò ká a, kó kọ́ tiẹ̀. Ẹni tó wà ní Chicago tàbí Manchester, mo kí i, kó dá igi sí i. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀ ibí pẹ̀lú wa, ojú òkun, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ni atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ bá wa ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún. Ẹ fi fèrèsé ńlá síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi òmíràn sí ògiri tó kọjú sí i, kí atẹ́gùn lè rọ́nà jáde. Bí ọ̀gá onímábù bá ní kẹ́ ẹ dí i, ẹ fún un lówó ọkọ̀, kó máa lọ sílé.