Alàgbà Onísítẹ́ríò

Ẹ kò ní rìn jìnnà ní Ọ̀rẹ̀ tàbí Odìgbó kí ẹ tó pàdé Alàgbà Onísítẹ́ríò kan. Gẹdú ló sọ ọ́ di ẹni ńlá, oko kòkó ló sì gbé e ró nígbà tí igi ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n nínú igbó. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ti kọ́lé, ó ti fọmọ fọ́kọ. Lọ́dún 2024, tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra mọ́tò, àwọn kan ń fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Alàgbà ní tirẹ̀ ra sípíkà méjì tó ga ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ.

Pálọ̀ ló kó bá a. Ilẹ̀ tí wọ́n tà fún un lẹ́bàá títì kò gún: ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ há. Bíríkìlà sì tẹ̀lé ilẹ̀. Apá kan pálọ̀ wá rí gbàgede, apá kejì ṣẹ́ kọ́nà wọ abẹ́ àtẹ̀gùn, òpó kan sì dúró gbọin láàárín, tí ẹnikẹ́ni kò lè wó, nítorí òun ló gbé dẹ́ẹ̀kì dúró. (Ó ti ránṣẹ́ pe bíríkìlà láti wó o o. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́.)

Òfin bí wọ́n ṣe ń to sípíkà, tí Alàgbà há sórí, kì í ṣe irọ́. Láti ọdún 1931 tí Alan Blumlein, onímọ̀ ẹ̀rọ ará ìlú ọba, ti kọ̀wé gba àṣẹ lórí sítẹ́ríò, etí méjì ni wọ́n ń ṣe é fún: sípíkà kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí olùgbọ́ jìnnà sí wọn bí àwọn náà ṣe jìnnà síra wọn. Ẹni tó bá ti sípíkà mọ́ kọ̀rọ̀, báàsì á máa bú ramúramù. Táìsì àti ògiri gbalasa a máa dá ohùn padà. Kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ fèrèsé tó nípọn a máa gbé e mì. Ohùn tó tín-ín-rín kì í mọ bí wọ́n ṣe ń yà ní kọ́nà, iwájú etí gan-an ló gbọ́dọ̀ ti wá. Òpó nìkan ni òfin náà gbàgbé.

Téèpù tí Alàgbà fi ń wọn pákó ló mú wọlé, ó sì pe ìyàwó rẹ̀.

"Màmá, di ìdí téèpù yẹn mú. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, íǹṣì mẹ́ta. Má mì!"

"Bàbá, àwọn àlejò ńkọ́? Ibo ni wọ́n máa jókòó?"

"Ṣé àlejò ló ra sítẹ́ríò ni?"

Bí wọ́n ṣe ti àga ìjókòó mọ́ ògiri nìyẹn. Ẹyọ àga kan ṣoṣo ló kù láàárín, Alàgbà sì fi ṣọ́ọ̀kì fàlà yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Ọmọ ọ̀dọ̀ nu ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀kì bá a lọ. Títí di alẹ́, kò sẹ́ni tó gbádùn nínú ilé náà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tò tán, ó pè wá. Ó fi Orlando Owoh sí i, ó di ojú, ó nawọ́ sápá òsì: "Ẹ gbọ́ gìtá yẹn! Ẹ gbọ́ ọ!" A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Jẹnẹrétọ̀ tó gbé sábẹ́ fèrèsé ni mo gbọ́ ní tèmi, àti tírélà tó ń sáré lọ sí Bìní. Sípíkà òsì wà lẹ́yìn òpó. Kò sí bó ṣe lè wà níbòmíràn.

Màmá ló tẹ̀ lé mi jáde dé ẹnu géètì, ló bá rọra sọ ọ́: etí òsì Alàgbà ti di láti bí ogún ọdún, nídìí ẹ̀rọ ìlàgi. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Alàgbà, ẹ má ní èmi ni mo sọ.