Ẹni Tó Bá Wù Ni

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò mọ̀ pé àwọn tó ń pín aṣọ ẹbí ni yóò jogún rẹ̀.

Ẹ wá wo ìnáwó òkú àgbà ní Erínjẹ, nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọmọ olóòkú á ní, "Aṣọ yìí ò pọn dandan o, ẹni tó bá wù ni." Àbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kó tó délé ẹni, ó ti di odindi: owó ańkárá, owó gèlè, owó télọ̀. Ẹni tó bá gbà á bí wọ́n ṣe sọ ọ́, tó wọ bùbá tirẹ̀ lọ, á jókòó sábẹ́ àtíbàbà, á máa wo púpurú àti ẹja tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. "Ẹ ní sùúrù, màmá, à ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín." Ta ní ń bọ̀? Abọ́ ike tí wọ́n lẹ fọ́tò olóògbé mọ́ kò mọ ojú èèyàn, àwọ̀ ańkárá ló mọ̀.

Ìjọba ní tiwọn, odindi ni wọ́n sọ. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ UBE ti ọdún 2004 ní dandan ni kí ọmọ kàwé fún ọdún 9, ọ̀fẹ́ sì ni. Òbí tó bá kọ̀, ìbáwí ni wọn yóò kọ́kọ́ fún un. Lẹ́ẹ̀kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 1. Tí kò bá tún gbọ́, ₦5,000 tàbí oṣù 2. (Ẹ bi télọ̀ yín léèrè ohun tí ₦5,000 lè rán.) Ẹni tó bá gbowó ilé ìwé lọ́wọ́ ọmọ náà ní ìyà tirẹ̀: ₦10,000 tàbí oṣù 3. Síbẹ̀, tí ọmọ bá ń kiri ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, oúnjẹ orí rẹ̀ la ń ná, a kì í bi í nípa kíláàsì. Owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ńkọ́, èyí tí wọ́n ní ìrànwọ́ lásán ni? Ẹ má san án, kẹ́ ẹ wo ibi tọ́mọ yín yóò dúró sí lọ́jọ́ ìdánwò.

Obìnrin kan ládùúgbò rò pé òun náà mọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ í sọ. Wọ́n gbé aṣọ ẹbí wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́: "Màá gbìyànjú." Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni gbogbo wa ṣe ń sọ pé a ò ṣe? Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi, wọ́n sì kọ ọ̀pá mẹ́fà sí i lọ́rùn.