Agboorùn Tí Ìyá Bọ̀dé Ní Kí N Fi Sílé

Láti kékeré ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn, kò sì sẹ́ni tó gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Àfi Sátidé tó kọjá, tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa kó wa lọ sí Àgbádárìgì. A sanwó ká tó lè rìn. Ìyá Bọ̀dé ló fi orúkọ mi sílẹ̀. Mo fẹ́ mú agboorùn dání, ó ní ṣé oyè ni mo fẹ́ lọ jẹ ni. Ó tún ní kí n wọ bàtà tuntun tí ọmọ wa Bọ̀dé fi ránṣẹ́, nítorí fọ́tò.

N kò ní sọ ti ọ̀nà. Mẹkáníìkì ni mí. Àwọn kòtò yẹn ló ń bá mi wá oníbàárà, n kò lè bú wọn.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà la kọ́kọ́ yà. Àwọn míṣọ́nnárì CMS ló kọ́ ọ parí ní 1845, ó ṣì dúró digbí. Tèmi tí mo kọ́ lọ́jọ́ kan àná, ògiri ti ń lanu. Mo fẹ́ béèrè irú bírikìlà tí wọ́n lò, ọmọkùnrin tó ń mú wa kiri ní ká máa bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, imú ló sì fi ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa pátá la gbọ́ Yorùbá.

Ó wá ní ibi igi Agíà ló kàn, tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere ní 1842. Inú mi dùn. Oòrùn ti ń bó mi lórí, ibòji sì ń bọ̀. A débẹ̀. Igi ti wó láti 1959! Òkúta ìrántí ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé òkúta ni n ó sá sábẹ́ rẹ̀ ni? Mo wo Ìyá Bọ̀dé, ó ń wo ojú ọ̀run.

Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, owó. Fọ́tò, owó tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní ilé ẹbí Mobee, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń de ẹrú hàn wá, ti ọrùn, ti ẹsẹ̀. Èyí tó tọwọ́ ọmọdé wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ wá ní láyé ọjọ́un, agboorùn kan ṣoṣo ni àwọn òyìnbó fi ń gba ẹrú 40. Agboorùn o! N kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

A dé ilé Séríkì Abass. Wọ́n mú òun náà lẹ́rú lọ́mọdé, ó dàgbà tán, òun náà ń ta ẹrú. Ẹ jẹ́ ká máa rìn. Yàrá 40 ló wà níbẹ̀, wọ́n ní ènìyàn 40 ni wọ́n ń há mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ìṣirò dáadáa, ẹ bi àwọn tó jẹ mí lówó. Yàrá kan, agboorùn kan.

A wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gbẹrẹ́fù. Yanrìn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, bàtà Bọ̀dé ń gbé e jẹ. Lójú ọ̀nà, wọ́n fi kànga kan hàn wá, wọ́n ní ẹrú tó bá mu omi rẹ̀ yóò gbàgbé ilé. Ìyá Bọ̀dé ní wọn ì bá bu díẹ̀ fún mi, bóyá n ó gbàgbé ọ̀rọ̀ agboorùn.

Ní etíkun tí wọ́n ń pè ní Àlọ-ì-padà, òpó dúró, ó kọjú sí òkun, kò sì sí nǹkan mìíràn. Ọmọkùnrin wa ní ọ̀nà tí a rìn yẹn náà ni àwọn ẹrú rìn. Yorùbá ló fi sọ ìyẹn. Mo ti la ẹnu láti sọ ti ẹsẹ̀ mi tó bó. Mo pa á dé, mo bọ́ bàtà.

Nígbà tí a padà dé èbúté, obìnrin kan ń ta agboorùn. Èmi tí mo máa ń ná iyọ̀, iye tó pè ni mo san. Oòrùn ti wọ̀. Ìyá Bọ̀dé ní, "Bàbá Bọ̀dé, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo gbé e lé itan títí a fi délé.

Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn báyìí, n kò tíì ṣí i. Bàtà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ya. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Bọ̀dé.