Bọ̀dá Stéélàìtì

Ẹni tó bá gúnlẹ̀ sí Mahintẹ̀dó lásìkò tí àwọn ọmọ yunifásítì bá wà nílé fún ọlidé kò ní í pẹ́ pàdé rẹ̀. Káàdì ìdánimọ̀ ilé ìwé lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ọrùn ni Bọ̀dá Stéélàìtì máa ń gbé e kọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó gbé e kọ́ lọ ra búrẹ́dì, ó gbé e kọ́ lọ kí bàbá àgbà, àwọn kan tiẹ̀ búra pé àwọn rí i lọ́rùn rẹ̀ níbi tó ti ń wẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣọ́ géètì létí omi wa tó fẹ́ yẹ káàdì wò, Iye rẹ̀, ìyẹn ìyá rẹ̀, sì mọ̀ ọ́n dáadáa láìjẹ́ pé ó ka nọ́ńbà mátíríìkì. Àmọ́ ẹ má dá a lẹ́kun. Okùn búlúù yẹn ni ìlẹ̀kẹ̀ oyè rẹ̀.

Ọdún kan péré ló tíì lò ní yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ó wà lára àwọn tó ru búlọ́ọ̀kù nígbà tí wọ́n dá ilé ìwé náà sílẹ̀ lọ́dún 2008. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti fi orúkọ olóògbé Gómìnà Olúṣẹ́gun Àgágù sọ ọ́, tí gbogbo ayé ń pè é ní OAUSTECH. Òun ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. OSUSTECH, orúkọ àtijọ́, ló ń wí, kí àwọn jáńbáìtì, àwọn ọmọ tuntun, lè mọ̀ pé stéélàìtì tó ti pẹ́ níbẹ̀ ni òun. Nígbà tí orúkọ yẹn fi yí padà, JSS ni ọ̀gá wà, ó ń sá fún olùkọ́ Ìṣirò.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣáájì fóònù ni ọ́fíìsì rẹ̀. Lágbègbè wa níbí, ọ̀pọ̀ ọdún ni iná ìjọba fi jẹ́ ohun tí òbí ń ròyìn fún ọmọ, jẹnẹrétọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà ń lò. Fóònù á tò lọ bẹẹrẹ lórí pákó gígùn, bébà tí wọ́n kọ orúkọ sí á wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wáyà á lọ́ mọ́ wáyà. Ẹni tó fẹ́ kí fóònù rẹ̀ kún gbọ́dọ̀ jókòó dè é, ẹni tó bá sì ti jókòó ti kó sí Bọ̀dá Stéélàìtì lọ́wọ́. Á bi í pé, “Àbúrò, o ti gba admission?” Bí onítọ̀hún bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á mi orí, á ní, “Ó da o. Ṣé o ti múra sílẹ̀ ṣá?”

Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ìbéèrè yẹn tí àyà rẹ̀ kì í já. Ohun tó sì ń tà gan-an nìyẹn: àyà jíjá. Pásítì kúẹ́ṣọ̀n, ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Ẹ̀dà ẹ̀dà ni pásítì kúẹ́ṣọ̀n ọ̀hún, wọ́n ti fótókópì rẹ̀ títí àwọn ìlà kan fi sá kúrò lórí ìwé. Ìbéèrè GST 101 ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 2023 ni àjọ NUC ti gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn yunifásítì, tó fi jẹ́ pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ti wá látọ̀dọ̀ àjọ náà, ìdá 30 tó kù ló wà lọ́wọ́ ilé ìwé fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní GST 101 ti di GST 111 nínú ìlànà yẹn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó fẹ́ lọ ka Físíìsì pe àkíyèsí rẹ̀ sí i. Bọ̀dá ò wo ojú rẹ̀. “Kọ́ọ̀sì kan náà ni, nọ́ńbà ni wọ́n kàn yí.” Ìdajì òótọ́ wà níbẹ̀, ìdajì òótọ́ ló sì ń jẹ́ kí ọjà rẹ̀ tà.

Ọmọ yẹn ò tíì ṣe tán. “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo rí complex number nínú àkójọ iṣẹ́ MTH 101. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Má jẹ́ kó dẹ́rù bà ẹ́,” ni Bọ̀dá dá a lóhùn. “Nọ́ńbà tó complex ni.” Ó wá yára bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó mọ̀ dunjú: lẹ́kíṣọ́rà tí kò fẹ́ràn kí ọmọ jókòó síwájú, èyí tí kò fẹ́ràn kí ọmọ jókòó sẹ́yìn, èyí tó máa ń rántí ojú, èyí tí kò ṣeé kí lọ́jọ́ Monday. Ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́. Ní ti àtẹ́ńdáǹsì, ó ní àwọn tí kò lẹ́nìkan ló ń fi ìyẹn da ara wọn láàmú. Òfin wà pé ọmọ tí kò bá wá sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì kò gbọ́dọ̀ jókòó ìdánwò, ṣùgbọ́n òfin, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, “ó ní àwọn tí wọ́n ṣe é fún.”

Èyí tó burú jù nínú ìwàásù rẹ̀ ni pé ọdún kìíní kò já mọ́ nǹkan kan. Ó ní ọdún tí èèyàn fi ń wo ilé ni, kí ọmọ rọra gbádùn, ìwé kíkà bẹ̀rẹ̀ ní 200 level. Mo wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ń kàwé ní London, ó sì sọ fún un lórí fóònù pé òun kàn ní láti gba 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kìíní ni, wọn ò ní í kà á mọ́ èyí tí wọ́n fi máa pín dìgírì. Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Bó ṣe rí nìyẹn ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bọ̀dá kàn gbàgbé pé òun ò sí níbẹ̀.

Tiwa ń kà á láti ọjọ́ kìíní, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, títí dórí F tó jẹ́ òdo. Wọ́n á fi yúnìtì kọ́ọ̀sì sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó gba C nínú kọ́ọ̀sì oníyúnìtì 3 ti ní 9, bó bá gba A nínú oníyúnìtì 2, ó tún ní 10. Àpapọ̀ 19 la máa fi 5 pín, ó di 3.80. Ó yá, ẹ mú ọmọ tó gbọ́ ti Bọ̀dá, tó gbádùn ara rẹ̀, tó fi 2.50 parí ọdún kìíní. Bí yúnìtì ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, nǹkan bí 3.83 ni yóò máa gbà lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta tó kù kó tó lè kan 3.50, níbi tí two-one ti bẹ̀rẹ̀. First class ń kọ́? 4.50 nìyẹn, ó sì máa ní láti máa gba ju 5 lọ, bẹ́ẹ̀ 5 ni òpin. Ọmọ ọ̀hún ti pàdánù rẹ̀ kó tó mọ ọ̀nà láíbìrì.

Bọ̀dá mọ̀ ọ́n ṣírò, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ tiẹ̀ ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣírò.

Ká má sì fi gbogbo ẹnu bú u. Ọ̀rọ̀ ìwé clearance, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ ní gbogbo etí omi yìí. Ó mọ̀ pé bí ọmọ ò bá tẹ “accept” lórí CAPS JAMB, admission rẹ̀ lè fò lọ. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn lọ sí Igbókọ̀dá lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, kó tó di pé ẹni tó ń fọwọ́ sí i lọ jẹun. Òun ló kọ́ ọmọ oníṣọ́ọ̀bù bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ NELFUND, pé ilé ìwé ni wọ́n máa san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, pé 20,000 náírà lóṣooṣù ló máa bọ́ sọ́wọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lórí gbogbo èyí. Ọ̀fẹ́ ló ń fi ohun tó wúlò ṣe, èyí tí kò wúlò ló ń gbowó lé.

Àbùkù kan péré ló wà nínú iṣẹ́ clearance rẹ̀: kì í jẹ́ kí ọmọ ka ohun tó ń fọwọ́ sí. “Kàn tíìkì gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kà á.” Ní ilẹ̀ Mahin wa níbí lẹ ti ń sọ bẹ́ẹ̀? Lọ́dún 1885, oníṣòwò ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Gaiser gba ìwé àdéhùn lórí etíkun yìí lọ́wọ́ Amapetu, ọba Mahin, ìgbà náà. Kí ọdún yẹn tó parí, ìjọba Jámánì ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ wọn lórí ilẹ̀ ọ̀hún fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò bú ọba o. Mo kàn ń wí pé tó bá jẹ́ ìwé kíkà kéèyàn tó fọwọ́ sí i ni, àwa ló yẹ ká máa kọ́ àwọn ìlú yòókù.

Iye ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń lọ ka Físíìsì ló bi í ní ìbéèrè tó ṣe kókó jù lọ. Ẹja gbígbẹ ni obìnrin náà ń tà, ó wá mú fóònù rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń kọ́ wọn níbẹ̀, ṣé ó máa ń kọ ọ́ sójú pátákó kí wọ́n dà á kọ, àbí ẹnu ló fi ń sọ ọ́?” Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá, ẹnu ni. Ẹ má ṣèyọnu, ó máa mọ́ ọn lára.” Ìyá dúpẹ́, ó sì di púpurú àti ẹja sínú ọ̀rá fún un.

Bẹ́ẹ̀ ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyẹn. Ní ilé ìwé girama, olùkọ́ ló ń sọ ibi tí kọ́mà wà. Ní JAMB, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni ọmọ ń yàn. Ó wá bá ara rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tí ọ̀ọ́dúnrún ọmọ há sí, láìsí makirofóònù, ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ lọ níwájú, kò sì dúró de bírò ẹnikẹ́ni. Kọ́ọ̀sì oníyúnìtì 3, wákàtí 45 ni ní sẹ́mẹ́sítà kan, ó sì máa ń tán kí ọmọ tó mọ èyí tó yẹ kó kọ sílẹ̀.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan ládùúgbò ló gba ọmọ yẹn nímọ̀ràn, kò sì gba ẹja kankan. Ó ní kó wá New General Mathematics tó lò ní SS2 jáde, kó tún lọgarídímù àti trigonometry ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní bó bá di alẹ́, kó tan rédíò fóònù rẹ̀ sí ìròyìn, kó máa kọ kókó ohun tó gbọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kó wá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tún un sọ fún Iye rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, “Gómìnà” àti “bílíọ̀nù” nìkan ló rí kọ. Lọ́sẹ̀ kẹta, Iye rẹ̀ ti ń bá a jiyàn lórí owó epo.

Bọ̀dá Stéélàìtì rí i níbi tó ti ń ṣe é, ó fi í ṣẹ̀sín. Ó ní, “Ìròyìn? Wọn ò bi wá ní current affairs níbẹ̀ o.”

Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n wọlé ni kíláàsì MTH 101 bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà tètè dé, ó rí àyè níwájú. Nígbà tó wẹ̀yìn wò, ó rí fìlà kan tí wọ́n fà bo ojú ní ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, okùn búlúù sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, ó dìde, ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

“Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá kọ́ wa ni?”

Bọ̀dá ní ó tì o, òun kàn yà wá wò bóyá ara wọn ti ń balẹ̀ ni. Ẹnì kan kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé ìwé àtẹ́ńdáǹsì ti ń bọ̀, Bọ̀dá sì yọ bírò.