Ológìnní Ìbàdàn àti Ológìnní Houston

Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa yìí kò lè yé ènìyàn délẹ̀délẹ̀ àfi bí ó bá ti gbé ológìnní tí kúrúnà mú létí lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ní Houston, nílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní Ìbàdàn tí a bí mi sí, òṣìṣẹ́ ni ológìnní í ṣe: eku tí ó bá pa ni owó oṣù rẹ̀, orí àjà sì ni iyàrá rẹ̀. Bí etí bá ń yún un, tí ó ń ha á títí tí ọrùn rẹ̀ fi dégbò, ìyá àgbà a kán àdín sí i létí, a fi imí ọjọ́ pa ojú egbò, a sì ní kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní Houston ẹ̀wẹ̀, ológìnní tí kò fojú kan eku rí a máa ní dókítà, a máa ní ìwé adójútòfò, a sì tún máa jẹ́ orúkọ ìdílé: nígbà tí wọ́n ké sí tiwa, orúkọ baba ńlá mi, ọmọ ajagun-má-wẹ̀yìn, ni wọ́n so mọ́ tirẹ̀, gbogbo àwọn tí ó jókòó sì yíjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Akọni tí a ń kì pé ẹ̀yìn rẹ̀ kì í kanlẹ̀ ni nọ́ọ̀sì méjì tẹ́ gbalaja sórí tábìlì. Dókítà ro ìdọ̀tí dúdú jáde ní etí rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ awò tí ń sọ kékeré di ńlá, ó sì fi kòkòrò tí ó fa kúrúnà náà, Otodectes cynotis, hàn mí bí ó ti ń rìn fàájì. Ó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹyin rẹ̀ fi ń di àgbà, àti pé gbogbo ológbò àti ajá inú ilé ni a gbọ́dọ̀ tọ́jú pọ̀, nítorí ìfarakanra ni ó fi ń ràn.

Oògùn tí ó kán sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, níbi tí ahọ́n kò lè dé, selamectin ni, ìbátan ivermectin tí wọ́n ti ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1987 fún àwọn tí ìfọ́jú etídò ń bá jà, títí kan àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa. Ẹ ò rí ayé! Àgbẹ̀ gba tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ológìnní tí kò ro oko, tí kò sì pa eku, èmi ni mo sanwó tirẹ̀.

Síbẹ̀, òtítọ́ kò ní kí a má sọ òun: ẹni tí ó kọ́kọ́ wo inú etí kí ó tó lo oògùn ló gbọ́n jù. Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, bí ológìnní yín bá ń ha etí, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ gbé e lọ, ẹ má sì ṣe da oògùn ajá tí ó ní permethrin sí i lára láé, nítorí májèlé ni fún un.