Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì Di Àna

Láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, pàápàá ní Peckham, níbi tí èlùbọ́ àti panla kò ti wọ́n lójú ọjà, èrò kan gbilẹ̀ pé ìfẹ́ òkè òkun kò ní alárenà, àti pé ẹni tó jókòó ti ènìyàn nínú bọ́ọ̀sì lè di àyànfẹ́ kí bọ́ọ̀sì ọ̀hún tó dé Old Kent Road, láìsí ẹni tó béèrè ọmọ ta ni í ṣe. Èrò náà dùn, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀.

Nílé, alárenà, ìyẹn ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin, ni yóò kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, kí ìdílé méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, tí wọn yóò wo bóyá wèrè, wárápá tàbí ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìran, àti bóyá kì í ṣe ẹbí kan náà ni wọ́n fẹ́ so pọ̀. Lóde òní, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti kún un, nítorí pé bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS bá fẹ́ AS bíi tirẹ̀, wọ́n lè bí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Ará òkèèrè gbà pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí. Àmọ́ bí ọ̀kan nínú àwọn olólùfẹ́ náà bá jẹ́ ọmọ onílùú, tí físà akẹ́kọ̀ọ́ èkejì sì ń tán lọ, Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àjòjì, yóò gba ipò àna, yóò sì ṣe ìwádìí tí kò sí ìyá ọkọ kan ní Ìbàdàn tó lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Ìkéde ìgbéyàwó yóò kọ́kọ́ wà ní gbangba ní rẹ́jísìrì fún ọjọ́ 28, ó kéré tán, kí ẹni tó bá lẹ́jọ́ wá wí i. Lẹ́yìn náà ni Home Office yóò béèrè fọ́tò, àtẹ̀jíṣẹ́ àti lẹ́tà tó fi hàn pé abẹ́ òrùlé kan ni àwọn méjèèjì ń gbé. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, owó tó gbọ́dọ̀ máa wọlé lọ́dún kí wọ́n tó fúnni ní físà ọkọ tàbí aya ti kúrò ní pọ́n-ùn 18,600, ó ti di 29,000. Bí bàbá ìyàwó bá béèrè irú nǹkan báyìí ní gbangba, aláìnítìjú ni wọn yóò pè é.

Àkọ́bí ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù, torí pé owó ilé-ìwé àwọn àbúrò àti owó oògùn bàbá wà lọ́rùn rẹ̀, ilẹ̀ ìdílé ni wọ́n sì tà fi rán an lọ. Ìyá rẹ̀ tí ń fi fọ́tò ọmọbìnrin kan ní Òṣogbo ránṣẹ́ lórí WhatsApp yóò béèrè bóyá nítorí ẹni tó bá pàdé nínú mọ́tò ni wọ́n ṣe ta ilẹ̀. Kí owó-orí tó kúrò nínú owó tó ń wọlé lọ́dún ni ìjọba ń kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ń kà á, kò sì sí èyí tó fẹ́ gbọ́ iye tó ṣẹ́kù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ń parí rẹ̀ sí ni ìdána, ìyẹn ọjọ́ tí ìdílé ọkọ ń gbé obì, orógbó, oyin àti iṣu lọ fún àwọn àna, èyí tí wọ́n ń ṣe nílé nígbà tí tọkọtaya ń wò ó láti Lọ́ńdọ̀nù lójú fóònù. Ọkọ á dọ̀bálẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì, fóònù kò sì ní fi nǹkan kan hàn ju àjà ilé lọ. Alága ìjókòó, obìnrin aláwàdà tó ń darí ètò fún ìdílé ìyàwó, á ní òun kò rí ìdọ̀bálẹ̀ kankan, á wá bu owó ìtanràn lé e, ó sì di dandan kó jẹ́ pọ́n-ùn.