Pàṣán Tó Gbẹ́ Fún Ẹlòmíràn

Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ìyàwó tuntun tó ń yínmú sí ìyálé rẹ̀ ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún: rọra rẹ́rìn-ín, ọjọ́ tìrẹ ń bọ̀. Òwe náà kò lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé àwọn tó pa á kò rí ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ igbó lọ gé àtòrì, tó fá a, tó fi epo pa á kó má baà tètè ṣẹ́, tó fà á lé baálé lọ́wọ́ pé kó máa fi na gbogbo ìyàwó tó bá wọlé. Tó wá di ìrọ̀lẹ́ ayé rẹ̀, tó kó lọ sílé ọkọ mìíràn, tó gbójú sókè wo àjà, tó rí àtòrì, tó wá figbe bọnu pé irú ìwà ìkà wo nìyí. Ẹ lọ sí Tháílándì. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Fàráńgì ni àwọn onílé ń pè wọ́n, bí àwa náà ṣe ń pe tiwa ní òyìnbó.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan jáde nínú wọn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Irú rẹ̀ kún ilé ọtí. Bàbá Fàráńgì ni ká máa pè é. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, òtútù sú u, ó bá kó ẹrù rẹ̀ wá sí Udon Thani, lápá Isan ní àríwá ìlà-oòrùn Tháílándì, níbi tí oòrùn ti pọ̀ tí owó oúnjẹ kò sì ga. Ó fẹ́ obìnrin ibẹ̀. Kó tó kúrò nílé, ohun tó máa ń sọ nípa àwọn àlejò tó wá sí ìlú tirẹ̀ ni pé kí wọ́n gbọ́ èdè onílé, kí wọ́n fi owó tí wọ́n ní hàn kí wọ́n tó wọlé, kí ìjọba sì máa mọ ibi tí oníkálukú wọn ń sùn. Ẹni tó bá ṣèlérí bẹ́ẹ̀ ló ń dìbò fún. Àdúrà rẹ̀ gbà. Ibi tó gbà sí ni kò rò tẹ́lẹ̀.

Òfin ìwọlé àlejò tí ìjọba Tháílándì ṣe ní 1979 sọ pé àlejò tó bá pẹ́ ju ọjọ́ 90 lọ gbọ́dọ̀ wá sọ ibi tó ń gbé, kó sì máa wá bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ 90. Bí kò bá tilẹ̀ kúrò lójú kan láti ọdún gbọọrọ, kó wá sọ pé òun kò kúrò. Bó bá gbàgbé, bàátì 2,000 ni ìtanràn rẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Onílé tó gba àlejò sílé gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí ìmígíréṣọ̀n láàárín wákàtí 24. Nílé Bàbá, ta ni onílé bí kò ṣe ìyàwó rẹ̀? Ìyàwó ló wá ń fi ọkọ sùn fún ìjọba pé ó sùn sílé.

Èmi náà gbà pé iṣẹ́ àṣedànù ni. Ayé ìwé àti gègé ni wọ́n ti ṣe òfin yẹn, ó sì yẹ kí wọ́n ti yí i padà. Íntánẹ́ẹ̀tì ti gba díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe báyìí, lọ́jọ́ tó bá wu íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣiṣẹ́. Bí Bàbá bá sọ pé òfin náà kò nítumọ̀, màá bá a sọ ọ́. Ohun tí mi ò lè bá a sọ ni pé kò sí irú rẹ̀ rí láyé.

Ẹ wò ó lọ́jọ́ tó lọ sí ìmígíréṣọ̀n láti tọrọ àfikún ọdún kan, èyí tó ń tọrọ lọ́dọọdún. Nítorí pé ọmọ onílùú ló fẹ́, bàátì 400,000 gbọ́dọ̀ ti wà ní báǹkì lórúkọ rẹ̀ fún oṣù méjì gbáko, tàbí kí bàátì 40,000 máa wọlé fún un lóṣù. Ẹni tó kàn wá fẹ̀yìn tì lásán, tí kò fẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni, gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ 50 ọdún, bàátì 800,000 sì ni tirẹ̀. Bàbá ti kó fọ́tòkọ́pì sínú fáìlì, ó fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ó mú àwòrán dání: òun àti ìyàwó níwájú ilé tí nọ́ńbà ilé hàn gbangba, òun àti ìyàwó ní pálọ̀, òun àti ìyàwó létí ibùsùn, tí ojú ń ti àwọn méjèèjì. Ó ku máàpù. Kó ya bí a ṣe ń dé ilé rẹ̀. Bàbá tó ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún mú rúlà, ó fa ìlà: títì ńlá rèé, ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven rèé, tẹ́ńpìlì rèé, yà sápá òsì níbi tí àwọn ajá máa ń sùn sí. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “7-Eleven wo?” Ó ju ẹyọ kan lọ ní títì yẹn. Bàbá tún un yà.

Ọmọ Yorùbá tó bá ti kó ìwé físà ọkọ tàbí aya jọ fún Lọ́ńdọ̀nù rí, kò ní í ya ẹnu sí èyí. Àwòrán ìgbéyàwó, ìwé báǹkì olóṣù mẹ́fà, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ẹ fi WhatsApp sọ fún ara yín lóru, gbogbo rẹ̀ ni akọ̀wé tí ẹ kò mọ̀ rí yóò kà kó tó gbà pé ìfẹ́ yín kì í ṣe ti ìwé lásán. Ẹni tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì gboyè ní Ìbàdàn ṣì gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rí pé òun gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Irú Bàbá ló ní kí wọ́n máa yẹ̀ wá wò dáadáa.

Ní ti èdè, Tháílándì tilẹ̀ ṣàánú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dán an wò kó tó rí àfikún ọdún rẹ̀ gbà. Pẹ̀lú gbogbo ọdún tó ti lò níbẹ̀, ó mọ bí a ṣe ń béèrè bíà, ó mọ bí a ṣe ń béèrè ìrẹsì díndín, ó sì tán. Ohùn márùn-ún ló wà nínú èdè Thai, ó fi méjì ju tiwa lọ, ẹyọ kan ni Bàbá ń fi sọ gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá yé ọlọ́jà, kàkà kó gbé ohùn sókè níbi tó yẹ, igbe ni yóò ké. Yóò wá darí sílé, yóò ní àwọn èèyàn wọ̀nyí kì í fetí sílẹ̀.

Ó tún ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹranko Khao Yai, níbi tí àlejò ti ń san bàátì 400 tí ọmọ onílé ń san 40. Wọ́n kọ 400 yẹn gàdàgbà ní nọ́ńbà tí gbogbo ayé mọ̀; 40 ni wọ́n fi nọ́ńbà àbáláyé tiwọn kọ, kí àlejò má baà kà á. Ààfin ńlá Bangkok, bàátì 500 ni. Ọmọ onílé kì í san kọ́bọ̀. Ìwà yẹn kò dára tó, mo gbà. Àwa náà kò sì lẹ́nu láti fi bú wọn, torí a mọ iye tí tòmátì ń dà lọ́jà wa bí òyìnbó bá ti bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí tó rán ọmọ lọ sí yunifásítì nílùú Bàbá. Ọmọ onílé kì í san ju £9,535 lọ fún sáà ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Ti ọmọ àlejò a máa ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó fi nọ́ńbà àbáláyé bò ó. Ojú kúkú ti ará Tháílándì débi pé ó bo tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni Bàbá fi ń sunkún jù nílé ọtí. Òfin kò gbà kí àlejò ní ilẹ̀ ní Tháílándì. Ó lè ra fúláàtì nínú ilé alájà púpọ̀, bí ti àwọn àlejò níbẹ̀ kò bá ju ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó lè gba ilẹ̀ lò fún 30 ọdún. Kò lè ní in. Bàbá mọ̀. Síbẹ̀ ó ta ilé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi owó náà ra ilẹ̀ nítòsí oko ìrẹsì àwọn àna rẹ̀, ó kọ́ ilé sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, akọ̀wé gbé ìwé kan ka iwájú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń gbé fún gbogbo fàráńgì tó fẹ́ ọmọ onílé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé owó tí ìyàwó fi ra ilẹ̀ yìí, owó ìyàwó ni, ọkọ kò ní ìpín níbẹ̀. Bàbá fi báírò ara rẹ̀ fọwọ́ sí i. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ jẹ adìẹ sísun àti ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra. Nísinsin yìí, bó bá ti dé ìdí ìgò kẹta, yóò ní wọ́n fi ọgbọ́n gba ilé òun. Ta ló gbà á? Ìyàwó ṣì ń se oúnjẹ fún un nínú ilé ọ̀hún. Lóòótọ́, àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ìyàwó ti lé síta pẹ̀lú báàgì kan, mi ò ní pa á mọ́. Ẹ kò ní rí ẹyọ kan nínú wọn tí kò fọwọ́ sí ìwé.

Mi ò ní dúró lórí èéfín oko tó ń bo Chiang Mai láti oṣù kejì dé oṣù kẹrin, tàbí alùpùpù tó ń gun ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní Bangkok. Ìyẹn ń ṣe onílé náà, onílé sì ń pariwo rẹ̀.

Ẹni tó bu Bàbá jẹ jù kì í tilẹ̀ ṣe ará Tháílándì. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi kún owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó rẹ̀ lọ́dọọdún, àyàfi àwọn tó bá kó lọ sí ìlú tí kò bá a ṣe àdéhùn lórí àfikún yẹn. Tháílándì kò sí nínú àdéhùn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba £97.65 lọ́sẹ̀ ní 2010, tó sì ń gbé Udon Thani, £97.65 yẹn náà ni títí dòní. Ojúgbà rẹ̀ tó forí lé Philippines, £176.45 ló ń gbà ní 2025, torí pé àdéhùn wà. Nàìjíríà náà wà lára àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀: nọ́ọ̀sì tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ́jú aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wá padà sí Ìjẹ̀bú-Òde láti sinmi, kò sí àfikún fún un. Tẹ́lẹ̀, iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Bangkok máa ń kọ lẹ́tà jẹ́rìí sí owó tó ń wọlé fún irú Bàbá, kó lè mú un lọ sí ìmígíréṣọ̀n. Láti oṣù kìíní 2019 ni wọ́n ti jáwọ́. Bàbá tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba Thai lórí ìka, ìka rẹ̀ kì í dé ibí yìí.

Ẹni tí àtòrì ń bà lẹ́gbẹ́ gan-an kò sì sí nílé ọtí yẹn. Ẹ dé Mahachai ní Samut Sakhon, nítòsí Bangkok, níbi tí àwọn ará Myanmar ti ń bó edé, tí wọ́n ń ṣa ẹja. Àlejò ni àwọn náà. Káàdì aláwọ̀ píǹkì ni wọ́n ń gbé kiri. Iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe, ìjọba ló yàn án fún wọn. Bí ọlọ́pàá bá sì dá wọn dúró, wọn kò ní aṣojú ìjọba tí wọ́n fẹ́ ké sí, torí ìjọba wọn gan-an ni àwọn mìíràn nínú wọn sá fún. Bàbá fẹ́ràn edé. Kò kà wọ́n mọ́ àlejò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó tún máàpù yà, ó búra pé ó tán, òun ń kó ìyàwó òun lọ sílé, síbi tí òfin ti ka èèyàn sí èèyàn. Lálẹ́, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ló ti kà á pé láti oṣù kẹrin 2024, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ mú aya àjèjì wọlé gbọ́dọ̀ máa rí £29,000 lọ́dún, tàbí kó ní £88,500 ní ìpamọ́. £18,600 lọ́dún ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e sókè, òun wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́ láti òkèèrè. Aya náà yóò ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Yóò san £1,035 fún ọdún kọ̀ọ̀kan nítorí ìtọ́jú àìsàn tí kò tíì ṣe é. Bàátì 400,000 tó wà ní báǹkì Bàbá kò ju nǹkan bí £9,000 lọ.

Ó pa kọ̀ǹpútà. Kò sọ ohun tó kà fún ìyàwó, kò sì sọ ọ́ nílé ọtí. Ìlú tó ń bú látàárọ̀ dalẹ́ yìí nìkan ni òfin ti gbà kí òun àti aya rẹ̀ jọ máa sùn sílé kan náà. Bàátì 1,900 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún fún un. Ó ní ó ti wọ́n jù.